Ẹ̀dà Kan Ò Tó

Ní Sátidé kan báyìí, àbúrò mi obìnrin gbé laptop rẹ̀ wá bá mi ní Òkè-Odò, níbi tí mò ń gbé ní Ìlọrin. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí kí n tó tẹ 'submit'." Iná ti lọ láti àárọ̀, bátìrì rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìdí nìyẹn tó fi ń kánjú.

Àpilẹ̀kọ ni, ojú-ìwé 14. Orí àgbo ibà tí ìyá àgbà wa ń sè ní Pàkátà ló kọ ọ́ lé. Ọdún 2 gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó bá ìyá àgbà jókòó nídìí ààrò, ó ka ewé tí wọ́n ń já, ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń wá gba àgbo bóyá ara wọn yá.

Mo ní, "Jọ́nà wo lo fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí?"

"Jọ́nà homeopathy kan ni. Ẹnì kan sọ fún mi pé homeopathy ni òyìnbó ń pe àgbo. Àwọn jọ́nà náà sì ti kọ ímeèlì sí mi. Wọ́n ní ọjọ́ 5 péré ni àwọn á fi gbé e jáde, tí mo bá ti sanwó."

Mo wo iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ju owó ilé tó ń san lọ́dún lọ. Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà dé ná, kó lọ bu omi mu. Ìtàn ni mo fi ọ̀sán ọjọ́ yẹn sọ fún un, òun náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí fóònù yín báyìí. Ìtàn bí èèyàn ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn sílẹ̀, bó ṣe ń fi í ránṣẹ́, àti ohun tí ojú àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa rí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé àgbo kọ́ ni homeopathy. Wọn ò tiẹ̀ bára wọn tan.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Samuel Hahnemann ló dá homeopathy sílẹ̀. Ọdún 1755 ni wọ́n bí i. Dókítà ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn láyé ìgbà náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí pé wọ́n máa ń fa ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, wọ́n sì máa ń fún un ní oògùn tó le ju àìsàn lọ. Ó wá ń fi títúmọ̀ ìwé wá oúnjẹ òòjọ́. Ní ọdún 1790, ó ń túmọ̀ ìwé William Cullen, dókítà ará Scotland, ó sì kan ibi tí Cullen ti ń ṣàlàyé ìdí tí èèpo igi cinchona fi ń wo ibà. Àlàyé náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ló bá mu èèpo igi náà fúnra rẹ̀, láìsí ibà lára rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara òun ń ṣe bí ara ẹni tí ibà mú. Ibẹ̀ ló ti rò pé ohun tó lè fa àmì àìsàn sára ẹni tí ara rẹ̀ dá ló lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ibà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Inú èèpo igi yẹn kan náà ni wọ́n ti yọ kíníìnì ní ọdún 1820, kíníìnì kíkorò tí àwọn bàbá wa àgbà mọ̀ dáadáa. Àmọ́ ọ̀nà tí kíníìnì gbà kọ́ ni Hahnemann gbà. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í la oògùn rẹ̀. Wọ́n á mú ẹ̀kán oògùn 1, wọ́n á fi ẹ̀kán omi tàbí ọtí 99 là á, wọ́n á sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ìyẹn ni ìgbésẹ̀ kìíní. Wọ́n á tún mú ẹ̀kán 1 nínú èyí tí wọ́n ti là, wọ́n á tún fi 99 là á. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe báyìí fún nígbà 30. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, oògùn náà ti di ọ̀kan ṣoṣo nínú iye kan tó jẹ́ 1 tí odo 60 tẹ̀ lé. Ìmọ̀ kẹ́mísírì sì jẹ́ ká mọ̀ pé lẹ́yìn nǹkan bí ìgbésẹ̀ 12, ó ṣeé ṣe kí èérún kan ṣoṣo má ṣẹ́ kù nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀.

Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbo? Tí ìyá àgbà wa bá rí i pé ẹnì kan da omi sí àgbo òun, ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ewé púpọ̀, omi ìwọ̀nba, kó ki, kó korò dé ọ̀fun. Nítorí náà, kí ẹni tó ń kọ̀wé tó béèrè bí òun ṣe máa fi ránṣẹ́, ìbéèrè kan wà ṣáájú. Kí gan-an ni mo kọ? Àwọn wo ló mọ̀ nípa rẹ̀ tó láti kà á? Ẹni tó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ lọ síwájú adájọ́ ìgbéyàwó, kò sí bí ẹjọ́ rẹ̀ ṣe fẹ́ dáa.

Àbúrò mi ní, "Ṣé àwọn náà ò ní jọ́nà gidi ni?"

Wọ́n ní, ó sì ti pẹ́. Ọdún 1665 ni jọ́nà ìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, nígbà tí ọ̀kan jáde ní ìlú Paris, tí Henry Oldenburg sì dá ọ̀kan sílẹ̀ ní London fún ẹgbẹ́ Royal Society. Ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́tà ni àwọn onímọ̀ ń kọ síra wọn. Ohun tí jọ́nà mú wá ni pé lẹ́tà ẹnì kan di ohun tí gbogbo èèyàn lè kà, tí wọ́n lè bi í léèrè, tí wọ́n sì lè sọ pé "irọ́ ni" tí wọ́n bá dán an wò tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú jọ́nà àwọn dókítà gbogbo ni Hahnemann fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní 1796, ó fi àròkọ rẹ̀ lórí ọ̀nà ìwòsàn tuntun yìí ránṣẹ́ sí jọ́nà Hufeland, dókítà ńlá kan ní Jámánì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Hufeland ò gbà pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmọ́ ó fún un láyè. Ní 1810, Hahnemann kọ odindi ìwé. Nígbà tó di 1822, Ernst Stapf, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, dá jọ́nà sílẹ̀ fún homeopathy nìkan. Ní Bìrìtéènì náà, àwọn dókítà homeopathy ní jọ́nà kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1911, òun ló yí orúkọ padà sí Homeopathy ní 2002. Jọ́nà gidi ni o. Ó ní olóòtú, ó ní àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, ó sì ní ìlànà bí a ṣe ń kọ̀wé síbẹ̀. Ní 2007, wọ́n tẹ ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní RedHot sínú rẹ̀, tó sọ ohun tí olùkọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nípa oògùn tó lò, ẹni tó fún aláìsàn, àti bó ṣe yan oògùn náà.

Àmọ́ wàhálà kan wà tó ń bá gbogbo ẹgbẹ́ tó bá dá jọ́nà tirẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ilé kan náà ló kọ̀wé, tí ọmọ ilé yẹn kan náà ló yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì jẹ́ pé àwọn náà ló ń kà á, ta ló máa sọ fún wọn pé ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀? Ọ̀rọ̀ homeopathy nìkan kọ́ o. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ọ̀rọ̀ àgbo tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú ilé. Ní oṣù Júùnù 1988, Jacques Benveniste, onímọ̀ ará Faransé tó lórúkọ, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Nature, ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà tó gbajúmọ̀ jù lọ láyé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn la ohun kan títí tí kò fi yẹ kó ku nǹkan kan nínú omi, síbẹ̀ omi náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Aráyé gbà á bí ẹni gba bọ́ọ̀lù. Àwọn oníwèé ìròyìn ní omi ń rántí nǹkan.

Olóòtú Nature nígbà náà ni John Maddox. Kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, àmọ́ kò fẹ́ fi àìgbàgbọ́ nìkan lé e dànù. Ó ní òun á tẹ̀ ẹ́, tí Benveniste bá gbà kí àwọn wá wò ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Benveniste gbà. Ní oṣù Júláì, àwọn 3 lọ sí yàrá ìwádìí rẹ̀ nítòsí Paris. Maddox lọ, Walter Stewart tó máa ń tú àṣírí iṣẹ́ ìwádìí ayédèrú lọ, àti James Randi. Ẹ mọ ẹni tó ń jẹ́ Randi? Onídán ni! Olóòtú jọ́nà mú onídán dání, nítorí pé onídán ló mọ bí ojú ṣe ń tan èèyàn jẹ.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ mọ ìgò tó ní oògùn àti èyí tó jẹ́ omi lásán, iṣẹ́ náà ń bọ́ sí i. Àwọn àlejò wá yí àmì ara ìgò padà, wọ́n fi àṣírí rẹ̀ sínú àpòòwé, wọ́n dì í, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè àjà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti lè tó o. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìgò wo ni wo mọ́, iṣẹ́ náà ò bọ́ sí i mọ́. Kí oṣù Júláì tó parí, ìjábọ̀ wọn ti wà nínú Nature. Benveniste bínú gan-an, kò sì gbà pé òun ṣìnà títí tó fi kú ní 2004. Wọn ò ní òpùrọ́ ni. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú tó ń retí nǹkan máa ń rí i. Ní 2015, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìlera ìjọba Ọsirélíà yẹ àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ wò. Wọ́n ní kò sí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbọ́kàn lé fi hàn pé homeopathy ń wò.

Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi náà mọ ẹni tó mu àgbo kí n tó bi í bóyá ara rẹ̀ yá."

Mo ní, "Ṣé o rí i?"

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí. Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìlọrin tó ń kọ̀wé mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jiyàn rí lórí Àfọ̀njá àti Ṣẹ̀hù Àlímì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé Samuel Johnson, ìtàn àwọn Yorùbá, ni apá kan ọ̀rọ̀ náà ti wá, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìwé yẹn sọnù lẹ́ẹ̀mejì kó tó jáde.

Àlùfáà ìjọ CMS ni Samuel Johnson, Ọ̀yọ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú. Ó lé ní 20 ọdún tó fi ń kó ìtàn náà jọ lẹ́nu àwọn àgbà. Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní 1900, àbúrò rẹ̀, Obadiah, débẹ̀, ó sì béèrè. Wọ́n ní àwọn ti wá a tì, pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Fún iṣẹ́ 20 ọdún! Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1901, Samuel kú. Kò fojú kan ìwé rẹ̀.

Obadiah yìí gan-an ló so ìtàn yìí mọ́ ti àbúrò mi. Dókítà ni. Ó wà lára àwọn Yorùbá tó kọ́kọ́ di dókítà òyìnbó. Ní 1889, Yunifásítì Edinburgh fún un ní oyè ńlá nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ìwé tó sì kọ fún oyè náà dá lórí ìtọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ rò ó wò, láti ọdún 1889 ni ọmọ Yorùbá ti jókòó kọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ wa sílẹ̀, tó sì kó o lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè bi í léèrè.

Lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìwé tó sọnù yẹn di ẹrù sí i lọ́rùn. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí Samuel ò tíì tún ṣe. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà pọ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó tì í, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Jánúárì 1916, ó fi í ránṣẹ́ sí London nínú ọkọ̀ ojú omi Appam.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló ń lọ lọ́wọ́. Nítòsí erékùṣù Madeira, ọkọ̀ ogun Jámánì tó ń jẹ́ Möwe mú Appam lẹ́rú. Wọ́n darí rẹ̀ gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì gúnlẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Fébúárì. Títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ni ẹjọ́ ọkọ̀ náà dé. Ìtàn Àfọ̀njá, ìtàn Aláàfin, ìtàn ogun Kírìjì, gbogbo wọn wà nínú àpótí kan lórí omi, àwọn alágbára méjì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ láìmọ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún 2 kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà yẹn, bébà ti wọ́n gógó, wọ́n ní kí ogun parí ná. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde. Obadiah ti kú ní 1920. Ẹ̀gbọ́n kò rí i, àbúrò kò rí i. Àwa là ń rí i.

Tí kì í bá ṣe àwọn ẹ̀dà tí Samuel fi sílẹ̀ nílé, ibi tí ìwé náà ò bá parí sí ni ọdún 1899. Ẹ̀dà kan ò tó, ọ̀rẹ́ mi.

Àwọn àlùfáà kèéwú wa ní Ìlọrin mọ èyí kó tó di pé ẹnikẹ́ni ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fi gègé àti tàdáwà da ìwé kọ, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ lọ́wọ́ olùkọ́, ẹ̀dà á máa lọ láti ilé dé ilé. Ní 1912, ọdún 9 kí ìwé Johnson tó jáde, Ahmad bin Abi Bakr ti kọ ìtàn àwọn Ẹ́mírì Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá. Ìtàn kan náà, ojú ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ka méjèèjì ló lè sọ pé òun ti gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. Ẹ̀yin tí ẹ sì kọ́ Hádíìsì, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sánádì: lágbájá ló gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá, tí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu lágbájá. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ní sánádì, wọn kì í fi í dájọ́. Ìdí kan náà ni jọ́nà fi ń ní ká to orúkọ àwọn ìwé tí a kà sí ìparí iṣẹ́ wa. Àwọn òyìnbó kọ́ ló dá ìyẹn sílẹ̀.

Ìtàn 2 ló kù tí mo sọ fún àbúrò mi, orí ewé ni méjèèjì.

Ní nǹkan bí ọdún 1,700 sẹ́yìn, Ge Hong, ará Ṣáínà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ẹni tí ibà ń ṣe mú ewé qinghao ẹ̀kúnwọ́ kan, kó rẹ ẹ́ sínú omi, kó fún un, kó sì mu ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tu Youyou ń wá oògùn ibà nínú àwọn ìwé àtijọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti se ewé náà títí, kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó tún ka ìwé Ge Hong, ó kíyè sí i pé kò ní kí wọ́n sè é. Rírẹ ló ní kí wọ́n rẹ ẹ́. Àbí ooru ló ń pa agbára ewé náà? Ó wá ọ̀nà tí kò gba ooru púpọ̀, oògùn sì jáde. Artemisinin ni, òun ló wà nínú àwọn oògùn ibà tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lónìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìwádìí náà sínú jọ́nà ní 1977, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọdún 2015 ló gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "rẹ ẹ́" dípò "sè é", gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn là, nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ìtàn kejì, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Rẹ́fúrẹ́ńdì P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, ní àgbo kan fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn ọmọ "SS" ń ní. Iyèré wà nínú rẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, igi osùn wà níbẹ̀, ewé ọkà bàbà náà sì wà níbẹ̀. Ó gbé e lọ fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba, NIPRD, ní Abuja. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n wá dán an wò bó ṣe yẹ: àwọn kan mu oògùn, àwọn kan mu ohun tó jọ ọ́, aláìsàn ò mọ èyí tí òun ń mu, dókítà náà ò mọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀. Ní 2001, Charles Wambebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì rẹ̀ sínú jọ́nà Phytomedicine, jọ́nà àwọn tó ń wádìí oògùn ewé. Èsì náà dára. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

Mi ò ní tàn yín pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti di ayọ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba àṣẹ láti máa ṣe oògùn náà, wọ́n gbé e jáde ní Nàìjíríà ní 2006, àmọ́ ní 2008 gbèsè ti wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn. Jọ́nà kì í ṣe ilé oògùn. Ohun tí jọ́nà lè ṣe ni pé kó má jẹ́ kí ìmọ̀ náà bá ilé-iṣẹ́ tàbí èèyàn kan kú. Iṣẹ́ 2001 yẹn wà níbẹ̀ dòní, ẹni tó bá fẹ́ lè mú un níbi tí wọ́n dé.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo parí. Àbúrò mi ní, "Kí ni kí n wá ṣe báyìí?"

A jọ to o. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tó ní ọjọ́ 5 làwọn á fi gbé e jáde, kí ó pa ímeèlì wọn rẹ́. Tí jọ́nà bá ń wá èèyàn kiri bí ẹni ń ta gàrí, tí kò béèrè ohun tí o kọ kó tó béèrè owó, sá fún un. Kì í ṣe pé gbogbo jọ́nà tó ń gba owó ni ayédèrú, àwọn gidi kan ń gba owó. Àmọ́ ta ni olóòtú rẹ̀? Ṣé ẹni náà mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀? Ta ló máa ka iṣẹ́ náà, báwo ni wọ́n ṣe lè kà á dáadáa láàárín ọjọ́ 5? Láti 1998 ni AJOL ti ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò látibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ewé. Ó kó ewé àgbo náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àpẹẹrẹ igi àti ewé ní yunifásítì, kí wọ́n lè bá a mọ orúkọ wọn lédè sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Dongoyaro rọrùn, orúwọ rọrùn. Àmọ́ ewé kan wà tí ìyá àgbà ń pe ní orúkọ kan, tí àwọn lẹ́kuléjà ní Ọjà Ọba náà ń pè bẹ́ẹ̀. Igi 2 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Tó bá jẹ́ pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló fi í ránṣẹ́, ẹni tó bá kà á ní ìlú míì lè lọ se nǹkan míì mu.

Èyí tó dùn ún jù ni àkọlé. Ó ti kọ ọ́ pé àgbo ìyá àgbà ń wo ibà. Kò dán an wò bí ti Ogunyale, kò ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó mọ̀ dájú ni ewé tí wọ́n ń lò, bí wọ́n ṣe ń sè é, àti ohun tí àwọn tó mu ún sọ. Ó pa "ń wo ibà" rẹ́, ó kọ "tí wọ́n ń lò fún ibà". Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì tó lè ná ọmọ ẹlòmíì ní ẹ̀mí rẹ̀.

Ó tún padà sí Pàkátà. Ó ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí máa ka ohun tí wọ́n sọ, ó sì tọrọ ìyọ̀ǹda, nítorí pé ohun tó ti yẹ kó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà ní, "Ṣé orúkọ tèmi náà á wà níbẹ̀?" Ó ní, "Ó máa wà níbẹ̀, Ìyá." Wọ́n ní kó ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn, ó jókòó, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ibi 2 ni wọ́n ti dá a dúró pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó yẹ iṣẹ́ náà wò nìyẹn, mi ò sì rò pé a rí èyí tó le jù ú lọ.

Oṣù 3 lẹ́yìn Sátidé yẹn ló tó tẹ 'submit', sí jọ́nà tó ń gba ọ̀rọ̀ ewé ìṣègùn. Ẹ̀dà kan wà nínú ímeèlì rẹ̀, ọ̀kan wà lórí fláàṣì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi. Ó tẹ ọ̀kan sórí bébà, ìyá àgbà fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù 4. Wọn ò gbà á, wọn ò kọ̀ ọ́. Ìbéèrè 23 ni wọ́n kọ ránṣẹ́ pé kó dáhùn. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo ní kó ka ìbéèrè àkọ́kọ́ fún mi.

Ẹni tó yẹ ìwé wò náà ń béèrè pé nígbà tí wọ́n bá da ewé sínú ìkòkò, ṣé omi náà ti ń hó ni, àbí ó ṣì tutù?

Àbúrò mi dákẹ́. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe ìyá àgbà."